Ìdí Òwú Nínú Ọ̀fun Òdòdó

Ọmọ ahunṣọ ni mí. Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí, ìdí òfì bàbá mi sì ni mo ti ń rá kiri kí n tó mọ ẹsẹ̀ rìn. Bí bàbá mi bá hun aṣọ tán, tó gé e kúrò, àwọn ìdí òwú kéékèèké kan máa ń ṣẹ́ kù lórí òfì. Gígùn wọn kì í ju ìka lọ, wọn ò sì ṣeé hun mọ́. Àwa ọmọdé la máa ń dù wọ́n mọ́ ara wa lọ́wọ́, à ń fi wọ́n ṣe irun ọmọláńgidi. N kò rò ó rí pé ilẹ̀ òyìnbó ni màá ti tún pàdé ìdí òwú yẹn, nínú ọ̀fun òdòdó kan tí kò tóbi ju kọ́bọ̀ àtijọ́ lọ.

Lọ́dún 1998 ni èmi àti ọkọ mi kó dé Middleton, ìlú kan ní àríwá Manchester. Bàbá òyìnbó kan tó ti dàgbà ló wà ní ojúlé kejì sí wa. Ní oṣù Kẹrin ọdún kejì, ó ké sí mi láti orí ògiri ẹ̀yìnkùlé pé kí n wá wo nǹkan. Ó ti to pákó ní ìpele-ìpele bí àtẹ̀gùn, ó kùn ún ní dúdú, ó wá to àwọn ìkòkò amọ̀ kéékèèké sí orí rẹ̀, bí ogójì. Àwọn òdòdó tó wà nínú wọn dà bí ohun tí èèyàn fi ọwọ́ yà. Àárín wọn pupa rúsúrúsú bíi wúrà. Òrùka funfun kan yí wúrà náà ká, ó funfun bí ẹfun. Òrùka dúdú yí funfun ká. Etí wọn wá ní àwọ̀ eérú. Mo bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹ kùn wọ́n ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ wo ọ̀fun ọ̀kan dáadáa. Àwọn fọ́nrán kékeré kan ló kún ẹnu ọ̀nà ọ̀fun náà. Ó ní, "Thrum là ń pè é. Ọ̀rọ̀ àwọn ahunṣọ ni. Ìdí òwú tó máa ń kù lórí òfì ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́." Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó lè dá a lóhùn. Ojú mi ti kún fún omi, bàbá náà kò sì mọ ìdí rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tọ ìtàn òdòdó yìí lẹ́yìn. Ọ̀ríkúlà ni wọ́n ń pè é, etí kékeré nìyẹn lédè Látìn. Láyé àtijọ́, etí béárì gan-an ni orúkọ rẹ̀, nítorí ewé rẹ̀ nípọn, ó rí róbótó, ó sì rọ̀ bí etí ẹranko tí Dáfídì lu pa nítorí àgùntàn bàbá rẹ̀. Nígbà tí Linnaeus ń to orúkọ àwọn ewéko ayé jọ lọ́dún 1753, ó fi í sínú ẹbí prímúlà, ó sì fi etí náà sílẹ̀ fún un: Primula auricula.

Òdòdó orí òkè ni. Àpáta Alps ni ilé rẹ̀ gan-an, ó sì wà ní àwọn òkè mìíràn káàkiri àárín Yúróòpù. Mo pinnu pé mo gbọ́dọ̀ rí i níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti gbìn ín. Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2014, ọmọ mi obìnrin mú mi lọ sí Innsbruck ní ilẹ̀ Austria, a sì wọ ọkọ̀ tí wáyà ń fà gun òkè Nordkette tó dúró gangan sí ẹ̀yìn ìlú náà. Yìnyín ṣì wà ní àwọn ibi tí oòrùn kì í dé. Mo ti ń retí òrùka dúdú àti etí eérú. Ohun tí mo rí ni òdòdó yẹ́lò, yẹ́lò bí inú ẹyin adìẹ ìbílẹ̀, ó ṣùjọ sórí ọ̀pá kúkúrú kan. Gbòǹgbò rẹ̀ há sínú pàlàpálá òkúta ẹfun níbi tí n kò ti rí erùpẹ̀ tó lè kún ẹ̀kúnwọ́. Àtíkè funfun wà lára ewé rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú. Ó ń ta sánsán. N kò fọwọ́ kàn án. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ tí a ra tíì, ọmọ mi gbé ṣẹ́ńjì lé mi lọ́wọ́: òdòdó prímúlà orí òkè ló wà lẹ́yìn sẹ́ǹtì 5 ti Austria. Ó wà nínú pọ́ọ̀sì mi títí di òní.

Báwo ni òdòdó yẹ́lò yìí ṣe di èyí tí mo rí lórí pákó dúdú? Ọkùnrin kan tí a bí ní Arras lọ́dún 1526 ló bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò náà, Charles de l'Écluse, tí ayé ìmọ̀ mọ̀ sí Clusius. Lọ́dún 1573, Ọba-ńlá Maximilian Kejì pè é wá sí Vienna láti wá tọ́jú ọgbà ààfin. Clusius kò jókòó sí ọgbà. Ó ń gun òkè, ó ń hú ewéko, ó ń gbé wọn wá sílé. Oríṣiríṣi prímúlà ló hú ní orí òkè tó gbìn sí Vienna, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó yé mi. Lókè lọ́hùn-ún, yìnyín ló máa ń bo ewéko náà bíi kúbùsù láti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù dé òpin, abẹ́ rẹ̀ sì gbẹ. Nísàlẹ̀, òjò àti ẹrẹ̀ ni. Èmi náà pa méje nínú mẹ́sàn-án ní ìgbà òtútù kan, nítorí mo ń bomi rin wọ́n bí ẹni ń bomi rin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Òtútù kì í pa ọ̀ríkúlà. Omi ló ń pa á.

Àwọn méjì péré ló gbà láti bá Clusius gbé. Ọ̀kan ni yẹ́lò tí mo rí yẹn. Ìkejì kì í ṣe yẹ́lò, ó ní àwọ̀ pupa, kò sì jẹ́ pé orí òkè ló ti rí i. Inú ọgbà ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Vienna, Ọ̀jọ̀gbọ́n Aichholz, ló ti bá a pàdé, ó sì gbọ́ lẹ́yìn náà pé agbègbè Innsbruck ló ti wá. Ó kọ ìtàn àwọn méjèèjì sínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1583, ó sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìhà Belgium. Ní 1593 ó lọ di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Leiden ní ilẹ̀ Hólàńdì, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1609.

Nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún kọjá kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí ìkejì yẹn jẹ́. Anton Kerner, onímọ̀ ewéko ará Austria, ló tú u. Prímúlà yẹ́lò fẹ́ràn òkúta ẹfun. Prímúlà mìíràn wà tó pupa bí osùn tí a bù mọ́ omi, Primula hirsuta, òun fẹ́ràn òkúta tí kò ní ẹfun. Wọn kì í sábà pàdé. Ṣùgbọ́n ní àwọn àfonífojì kan ní Tyrol, òkúta méjèèjì fara kan ara wọn, àwọn kòkòrò sì ń gbé àtíkè ìbímọ láti ọ̀kan sí èkejì. Kerner rí ọmọ tí àwọn méjèèjì bí nínú igbó, ó sì tẹ ìwé jáde lórí ìtàn ọ̀ríkúlà lọ́dún 1875. Gbogbo ọ̀ríkúlà aláràbarà inú ọgbà, ọmọ ìgbéyàwó orí òkè yẹn ni. Láti ara yẹ́lò nìkan, a kò lè rí elése àlùkò, a kò lè rí dúdú.

Lọ́dún 1597, nígbà tí John Gerard tẹ ìwé ewéko rẹ̀ jáde ní London, etí béárì ti wà nínú àwọn ọgbà ìlú náà. Gerard kọ ọ́ pé àwọn ará òkè Alps ń lo gbòǹgbò rẹ̀ kí òòyì má bàa kọ́ wọn bí wọ́n bá wà lórí ibi gíga. Mo rántí ọ̀rọ̀ yìí nínú ọkọ̀ oníwáyà yẹn, nígbà tí mo di ọmọ mi lápá mú tí n kò lè wo ìsàlẹ̀. Nígbà tó fi di 1629 tí John Parkinson kọ ìwé tirẹ̀, irú rẹ̀ tó ṣe àpèjúwe ti tó nǹkan bí ogún.

Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ níbí, pé àwọn ahunṣọ tó ń sá fún inúnibíni ẹ̀sìn láti ilẹ̀ Flanders ló gbé ọ̀ríkúlà wọ England nínú ẹrù wọn. Bàbá ojúlé kejì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ó wu èmi náà kó jẹ́ òótọ́, ta ni kò ní wù? Ẹni tó fi ilé sílẹ̀ lóru tó sì tún rántí òdòdó, ẹni tí mo fẹ́ mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó tú ìwé àtijọ́ wò kò rí ẹ̀rí kankan. Ọgbà àwọn ọlọ́rọ̀ àti àwọn onímọ̀ ni òdòdó náà kọ́kọ́ dé, nípasẹ̀ àwọn ọ̀rẹ́ tó ń fi irúgbìn ránṣẹ́ sí ara wọn. Ó pẹ́ kí ó tó dé ọwọ́ àwọn ahunṣọ. Lójú tèmi, òótọ́ yìí gbé wọn ga ju ìtàn yẹn lọ. Kì í ṣe pé wọ́n gbé e wá. Àwọn ni wọ́n tún un dá.

Ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kejìdínlógún, ohun tuntun kan ṣẹlẹ̀ sí ọ̀ríkúlà. Etí ewé òdòdó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di ewé gidi, ewé tútù bíi ti ara igi. Ẹ wò ó: apá kan òdòdó, apá kan ewé. Bí àtíkè kò bá sí lórí etí náà, á jẹ́ àwọ̀ ewé; bí àtíkè díẹ̀ bá bò ó, á di eérú; bí ó bá bò ó nípọn, á di funfun. Kò sí irú rẹ̀ ní orí òkè kankan. Nígbà tí Robert Thornton ṣe ìwé àwòrán òdòdó ńlá rẹ̀ tí ó pè ní Temple of Flora, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n ya àwọn ọ̀ríkúlà ọlọ́gbà wọ̀nyí sí àárín òkè àti ìkùukùu bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n gbé hù. Àwòrán náà dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí òjò orí òkè kan bá rọ̀ lé irú òdòdó bẹ́ẹ̀ lórí, àtíkè rẹ̀ á ṣàn, á di bí ojú ẹni tó fi tìróò sunkún.

Ní Lancashire, àwọn ahunṣọ ló gba iṣẹ́ yìí kanrí. Middleton jẹ́ ìlú àwọn ahunṣọ sílíkì. Òfì wà nínú ilé, ìyàwó ń ka òwú, ọmọ ń gbé nǹkan fún bàbá. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ara rẹ̀ lè dìde nídìí òfì bí òjò bá ṣú, kó sáré jáde lọ bo ìkòkò rẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n ní kò tó ibi tí èèyàn lè tẹ́ ẹní méjì sí, ọ̀ríkúlà kò sì béèrè ju ìkòkò kan àti afẹ́fẹ́ lọ. Àwọn tó kọ̀wé lórí wọn máa ń fi ọ̀rọ̀ mọ síbẹ̀. Èmi rò pé ojú ni ìdí tó jinlẹ̀ jù. Bàbá mi lè jókòó sí ọ̀nà jíjìn kó sọ pé fọ́nrán kan ti já nínú ẹtù. Ẹni tó bá ti ń wo sílíkì láti àárọ̀ dalẹ́, tó mọ̀ bí àwọ̀ kan ṣe ń bá àwọ̀ kejì jà, tó mọ̀ pé bí ìlà kan bá fẹ̀ ju ìkejì lọ aṣọ ti bàjẹ́, òun ni yóò wo òdòdó kan kó ní òrùka mẹ́rin ni mo fẹ́, kí wọ́n dọ́gba, kí òdòdó rí róbótó, kó tẹ́jú bí àwo.

Òfin wọn nìyẹn, wọ́n sì le. Èyí tí òpó abo rẹ̀ bá yọ sí ẹnu ọ̀fun bí orí abẹ́rẹ́ olórí róbótó, wọn kì í kà á sí. Àfi èyí tí fọ́nrán akọ rẹ̀ bá kún ẹnu ọ̀nà. Thrum. Charles Darwin ló wá ṣàlàyé lọ́dún 1862 ìdí tí prímúlà fi ní ìrísí méjì yìí: kí àtíkè ìbímọ lè máa ti ara ọ̀kan bọ́ sí ara èkejì, kí ẹbí má máa fẹ́ ẹbí. Ó sì gbà pé àwọn ológbà òdòdó ti mọ ìrísí méjèèjì tipẹ́ kó tó gbọ́. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1877, ó wo ọ̀rọ̀ thrum náà nínú ìwé atúmọ̀ èdè, ó ní òun rò pé ahunṣọ kan tó ń gbin prímúlà ló fún un lórúkọ. Mo ka ojú ìwé yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Darwin kò mọ orúkọ ahunṣọ náà. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ilé ọtí ni wọ́n ti ń díje, ní òpin oṣù Kẹrin tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún. Oníkálukú á gbé ìkòkò rẹ̀ wá, wọ́n á jẹun pọ̀, wọ́n á mu, àwọn onídàájọ́ á to àwọn òdòdó láti orí èyí tó dára jù. Kẹ́tùlù bàbà ni ẹ̀bùn tó ga jù, wọ́n sì máa ń gbé e kọ́ síta ilé ọtí náà ṣáájú ọjọ́ ìdíje kí gbogbo ìlú lè rí i. Mo máa ń ronú kan ìyàwó ahunṣọ tó ń gbé irú kẹ́tùlù bẹ́ẹ̀ ka iná láràárọ̀, omi tíì ń hó nínú òdòdó ọkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ ni n kò lè fojú fò. Oníkálukú ló ní àpòpọ̀ tirẹ̀, tó sì ń fi í pamọ́. Isaac Emmerton, ológbà kan ní Barnet lẹ́bàá London, kọ ìwé lórí ọ̀ríkúlà lọ́dún 1815: ìgbẹ́ pẹ́pẹ́yẹ ọlọ́rùn gígùn tí a rẹ sínú ẹ̀jẹ̀ akọ màlúù, ìdọ̀tí tó ń léfòó bí wọ́n bá ń se ṣúgà, ìgbẹ́ èèyàn, àti erùpẹ̀ yẹ́lò, kí a jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ jẹrà fún ìgbà pípẹ́. Ewéko tó ń gbé nínú pàlàpálá àpáta ni wọ́n ń fi èyí bọ́! Ọ̀pọ̀ ọ̀ríkúlà ló ti ipa ìwé yìí lọ sí ọ̀run. Erùpẹ̀ lásán, ewé jíjẹrà díẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ púpọ̀ ni èmi ń lò, bẹ́ẹ̀ ni Bàbá ojúlé kejì kọ́ mi.

Ohun tí àwọn ará wa á tètè lóye ni bí wọ́n ṣe ń mú un bí sí i. Bí a bá gbin hóró rẹ̀, ọmọ kì í jọ ìyá. Ẹgbẹ̀rún hóró lè hù kí ọ̀kan ṣoṣo má yẹ fún ìdíje. Ṣùgbọ́n ó máa ń yọ ọmọ nídìí bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọmọ yẹn ni ìyá rẹ̀ gan-an, kò yàtọ̀ ní nǹkan kan. Nítorí náà, ọ̀ríkúlà tí ahunṣọ kan mú jáde lè wà láyé fún ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ẹnìkan bá ń yọ ọmọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Orúkọ ẹni tó mú un jáde á sì máa bá a rìn. Lancashire Hero, ológo etí eérú, Robert Lancashire ló mú un jáde ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Richard Headly ní Stapleford mú tirẹ̀ jáde ní 1857, kò pè é ní orúkọ ara rẹ̀. Ó fi sọrí George Lightbody ti Falkirk, tí òun náà ń gbin ọ̀ríkúlà. Báyìí ni àwọn èèyàn yìí ṣe ń yin ara wọn.

Ẹ má ṣe rò pé ayé ìrọ̀rùn ni wọ́n wà. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ọdún 1819, Samuel Bamford, ahunṣọ ará Middleton, kó àwọn ará ìlú rẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ sí pápá St Peter ní Manchester láti béèrè ẹ̀tọ́ ìbò. Àwọn ológun ẹlẹ́ṣin fi idà kọlu àwọn èrò níbẹ̀. Àwọn èèyàn kú, ọgọ́rọ̀ọ̀rún sì fara pa, wọ́n wá fi Bamford sẹ́wọ̀n ọdún kan. Nígbà tí mo bá ń kọjá lójú ọ̀nà tí wọ́n gbà, mo máa ń rò ó pé kò lè ṣe kó má sí nínú wọn ẹni tó bo ọ̀ríkúlà rẹ̀ kó tó jáde nílé láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ẹ̀rọ ìhunṣọ ló mú wọn kúrò nídìí òfì. Ilé iṣẹ́ kò gba kí èèyàn dìde bí òjò bá ṣú. Èéfín ilé iṣẹ́ sì bo gíláàsì àti ewé. Ẹ̀rọ yẹn kan náà ló ń hun àwọn aṣọ Manchester tó kún ọjà Èkó. Ní àwọn ọdún 1850, Thomas Clegg, oníṣòwò ará Manchester, àti àwọn ìjọ míṣọ́nnárì ń ṣètò kí òwú Abẹ́òkúta máa wá síbí. Òwú ń bọ̀, aṣọ ń padà lọ. Bàbá mi kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ Manchester sétí. Ó ní àwọn ló fẹ́ pa òfì. N kò rí ààyè sọ fún un kó tó kú pé òfì tiwọn gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ pa.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1870, àwọn tó ṣẹ́ kù ní àríwá dá ẹgbẹ́ ọ̀ríkúlà sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà, àwọn ará gúúsù tẹ̀ lé wọn láìpẹ́. Ẹgbẹ́ wọ̀nyẹn ṣì wà. Ní Calke Abbey ní Derbyshire, wọ́n ṣì máa ń to ọ̀ríkúlà sórí ìpele pákó bíi tàwọn ọlọ́lá àtijọ́ nígbà ìrúwé. Mo ti lọ wò ó. Ó dára, ṣùgbọ́n àwọn olówó ló ni ìpele yẹn, èyí tó wà lẹ́yìnkùlé ojúlé kejì ni ó wà lọ́kàn mi.

Bàbá náà kú ní ìgbà òtútù ọdún 2017. Wọ́n ta ilé rẹ̀, ẹni tó wá palẹ̀ mọ́ sì kó àwọn ìkòkò náà dà nù pẹ̀lú pákó dúdú. Èyí tó ti fún mi nìkan ló kù, etí eérú kan tí orúkọ rẹ̀ ti parẹ́ lára páálí kó tó dé ọwọ́ mi. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, ọmọ ọmọ rẹ̀ kan kan ilẹ̀kùn mi. Ó ní òun gbọ́ pé nǹkan bàbá àgbà òun wà lọ́dọ̀ mi. Mo yọ ọmọ méjì nídìí ìyá, mo gbìn wọ́n sínú ìkòkò amọ̀, mo ní kò gbọ́dọ̀ bu omi púpọ̀ sí i láti oṣù Kọkànlá lọ. Ó béèrè orúkọ rẹ̀. Mo ní n kò mọ̀ ọ́n. Ó gba pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ mi, ó kọ "ti Bàbá Àgbà" sára páálí tuntun méjèèjì ní èdè wọn, ó sì há àwọn ìkòkò náà sáàárín ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ nínú ọkọ̀ kí wọ́n má bàa dojú dé.